Bí Ẹni Tó Ń Kọ́ṣẹ́ ní Jámánì Ṣe Lè Mú Ọkọ, Aya àti Ọmọ Dání: Ìtọ́sọ́nà Lórí Físà Ẹbí

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ló ń kọ́ èdè Jámánì báyìí nítorí ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ausbildung. Ètò yìí máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ilé iṣẹ́ tó gba ọmọ iṣẹ́ ló ń san owó oṣù fún un, ọmọ iṣẹ́ náà a sì máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ní àwọn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá là sílẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ ọkọ̀ àti iṣẹ́ búrẹ́dì. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àpọ́n mọ́, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè nípa ìyàwó, ọkọ àti ọmọ fi máa ń jẹ yọ kí wọ́n tó ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú.

Òfin Jámánì kò sọ pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ mú ẹbí rẹ̀ wá. Ní ti èyí, Jámánì yàtọ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2024. Síbẹ̀, kí òfin gbà á ọ̀tọ̀, kí apá ká a ọ̀tọ̀. Ọjọ́ tí ẹ ṣègbéyàwó, iye tó ń wọlé lóṣù àti bí ilé tí ẹ gbà ṣe fẹ̀ tó ni ọ́fíìsì tó ń ṣètò físà máa ń yẹ̀ wò jù lọ, kò sì sí èyí tí ènìyàn lè fi ọ̀sẹ̀ méjì péré múra rẹ̀.

Àwọn tí òfin kà sí ẹbí

Abala 16a nínú òfin ìgbélùú wọn, Aufenthaltsgesetz, ló fún ọmọ iṣẹ́ ní ìwé ìgbélùú tirẹ̀. Ti ẹbí wà láti abala 27 sí 36. Ọkọ tàbí aya tí ẹ ti fẹ́ lábẹ́ òfin, àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tí kò sì tíì ṣègbéyàwó, ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Tọkọtaya gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Ìyá yín, bàbá yín àti àbúrò yín kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń tọ́ náà kò sí nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ yín ló dàgbà sí tí ẹ̀yin ló sì ń pè ní dádì, àyàfi tí ẹ bá ti gbà á ṣọmọ ní kóòtù lọ́nà òfin. Ẹni tó ní ju ìyàwó kan lọ kò lè mú ju ẹyọ kan lọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí òfin sọ ọ́ gbangba pé bí ọ̀kan bá ti ń gbé pẹ̀lú ọkọ ní Jámánì, èkejì kò ní rí ìwé ìgbélùú gbà gẹ́gẹ́ bí aya.

Ọjọ́ ìgbéyàwó ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ti jẹ́ tọkọtaya kí wọ́n tó fún ọmọ iṣẹ́ ní ìwé ìgbélùú, tí wọ́n sì retí pé yóò lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀, ọ̀nà là fún ìyàwó tàbí ọkọ láti béèrè físà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ó ti débẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wálé wá ṣègbéyàwó, ó sábà máa ń di dandan kí ó ti lo ọdún méjì pẹ̀lú ìwé ìgbélùú kí ẹnì kejì tó lè tẹ̀ lé e. Àwọn tó ti ń gbé pọ̀ láìṣe ìgbéyàwó kóòtù, tí wọ́n ń sọ pé àwọn á ṣe é tí nǹkan bá rọgbọ, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ pé ẹ ní ẹbí láti ọjọ́ àkọ́kọ́

Àwọn kan ń gba ọmọ iṣẹ́ nímọ̀ràn pé kí ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun kò lọ́kọ, pé òun kò láya, nítorí pé àpọ́n ni wọ́n máa ń tètè fún ní físà. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà ni. Fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ ọkọ tàbí aya àti gbogbo ọmọ, títí kan àwọn tí kò ní bá yín lọ, fáìlì tí ẹ bá sì ṣí lónìí ni wọ́n máa fà yọ ní ọdún tó ń bọ̀ nígbà tí ìyàwó bá mú ìwé tirẹ̀ wá. Bí ti àkọ́kọ́ bá sọ pé kò sí ìyàwó, tí ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó sì fi hàn pé ẹ ti fẹ́ra yín kí ẹ tó lọ, kì í ṣe físà ẹbí nìkan ló wà nínú ewu. Ìwé ìgbélùú ọmọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè bá a lọ, nítorí irọ́ ni wọ́n fi gbà á. Ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé, orúkọ àti ìwádìí

Ibí yìí ni ìdádúró tó pọ̀ jù ti máa ń wá. Àwọn aṣojú Jámánì ní Nàìjíríà ti dáwọ́ dúró láti máa lu òǹtẹ̀ ìfọwọ́sí lórí ìwé-ẹ̀rí tó wá láti ilẹ̀ wa. Ohun tí wọ́n ń ṣe dípò rẹ̀ ni ìwádìí: wọ́n á fi ẹ̀dà ìwé yín ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, agbẹjọ́rò náà á sì rán ènìyàn lọ sí ibi tí ìwé náà ti jáde, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bí ọmọ, ilé ẹ̀kọ́, àti ilé àwọn òbí. Ẹ̀yin ni ẹ máa san owó rẹ̀, ó sì lè gba oṣù mélòó kan.

Ẹ fojú inú wo bí ìwádìí náà ṣe ń rí. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ilé bàbá yín ní Òṣogbo, ó béèrè Oluwaseun Mary, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí Àbẹ̀kẹ́ ni òun ń pe ọmọ òun. Tàbí kí wọ́n bi àbúrò yín ní ọjọ́ tí ìgbéyàwó wáyé, kí ó sọ ọjọ́ ìdáná, nígbà tí ìwé-ẹ̀rí gbé ọjọ́ kóòtù. Ẹni tó dáhùn kò purọ́, síbẹ̀ àìbáramu ni wọ́n máa kọ sínú ìròyìn wọn. Nítorí náà, ẹ pe àwọn ará ilé jọ, ẹ sọ fún wọn pé ẹnì kan lè wá béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n mọ orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tì, kí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ṣe ìgbéyàwó, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n mọ̀ láìfi nǹkan kún un.

Ní ti àwọn ìwé fúnra wọn, ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó kóòtù ló ń fa wàhálà tó kéré jù. Fọ́tò ìdáná àti aṣọ ẹbí dára láti fi kún un, ṣùgbọ́n wọn kò lè dípò rẹ̀. Fún ọmọ, ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti ọ̀dọ̀ National Population Commission ni ó yẹ kí ẹ mú. Ìwé tí ilé ìwòsàn fúnni nìkan kò tó. Àgbàlagbà tí wọ́n bí ṣáájú ọdún 1992 máa ń gba ìwé ìjẹ́rìí ọjọ́ ìbí ní àjọ yìí kan náà. Lẹ́tà kan tó bá yàtọ̀ nínú orúkọ láàárín pásípọ́ọ̀tì, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí ọmọ, ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀ kí ẹ tó kó ìwé lọ.

Bí ọmọ bá jẹ́ ti ẹni tí ẹ kò fẹ́ mọ́, tàbí tí òbí kejì yóò dúró ní ilé, ẹ nílò ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀ tàbí ìdájọ́ kóòtù tó fún yín ní àṣẹ lórí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ọmọ pé "kò burú, ẹ máa mú un lọ" kò wúlò níwájú ọ́fíìsì. Ọmọ tó ti pé ọdún 16 ní ìṣòro tirẹ̀: bí kò bá bá òbí rẹ̀ kó lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn ni ó fẹ́ tẹ̀ lé wọn, wọ́n lè béèrè èdè Jámánì ìpele C1 lọ́wọ́ rẹ̀, ìpele tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò dé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ń sún mọ́ ọdún 16 kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọdún náà kọjá lórí òun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èdè fún ọkọ tàbí aya

Ìyàwó tàbí ọkọ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí A1, ìpele ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Goethe-Institut ní Èkó ń ṣe ìdánwò yìí: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ, máàkì 60 nínú 100 sì ni ẹ fi máa yege. Ọmọ kékeré kò nílò rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní oṣù kan náà tí ọmọ iṣẹ́ bá ti ń retí físà tirẹ̀, nítorí àyè ìdánwò máa ń tètè kún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: owó

Òfin béèrè pé kí ẹbí lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ láìgba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ọ̀nà tí ọ́fíìsì ń gbà ṣe ìṣirò kò farasin: wọ́n á kó iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ kà sí owó oúnjẹ àti aṣọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan jọ, wọ́n á fi owó ilé àti ti iná amúlégbóná kún un, wọ́n á sì wò ó bóyá owó tó ń wọlé tó o. Ní ọdún 2026, àgbàlagbà méjì tó jẹ́ tọkọtaya jẹ́ €506 lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé mẹ́fà jẹ́ €357, ọmọ ọdún mẹ́fà sí 13 jẹ́ €390, ti ọdún 14 sí 17 sì jẹ́ €471.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún ọmọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ní ìyàwó àti ọmọ ọdún mẹ́rin, tí owó ilé wọn pẹ̀lú amúlégbóná jẹ́ €750. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n nílò lóṣù jẹ́ €2,119. Ní àwọn ilé ìwòsàn tó ń tẹ̀ lé àdéhùn owó oṣù ti ìjọba, ọmọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń gba ohun tó lé ní €1,400 ní ọdún àkọ́kọ́, èyí tó máa ń ku nǹkan bí €1,100 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó adójútòfò àti owó orí. Owó ọmọ tí wọ́n ń pè ní Kindergeld jẹ́ €259 lóṣù ní ọdún 2026, òfin kò sì kà á mọ́ owó ìrànwọ́ tó ń ba físà jẹ́. Tí a bá ro méjèèjì pọ̀, ó ṣì ku nǹkan bí €760 lóṣù. Ẹ sì rántí pé nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tí wọ́n ń sanwó fún dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ibi tí wọ́n ti ń san iye tó kéré jù tí òfin gbà, €724 ní ọdún àkọ́kọ́ fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026, jìnnà sí i ju báyìí lọ. Àwọn ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ nìkan kì í tilẹ̀ sanwó rárá.

Báwo ni ẹ ṣe lè dí àlàfo náà? Àwọn kan máa ń sọ pé òfin gba ọmọ iṣẹ́ láyè láti ṣe iṣẹ́ mìíràn fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Òótọ́ ni, láti oṣù kẹta ọdún 2024. Àmọ́ òfin mìíràn tó ń ṣètò àkókò iṣẹ́ sọ pé wákàtí 48 ni gbogbo iṣẹ́ ènìyàn lọ́sẹ̀ kò yẹ kó kọjá ní ìṣirò déédéé, ọmọ iṣẹ́ tó bá sì ti ń lo wákàtí 40 lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kò ní ju mẹ́jọ lọ tó ṣẹ́ kù. Ká má tíì sọ ti ìdánwò àti oorun.

Ọ̀nà tí mo rí i pé ó gbé pẹ́ẹ́lí jù ni iṣẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ tó ń bọ̀. Ìwé ìgbélùú ẹbí gba ènìyàn láyè láti ṣiṣẹ́ láìsí ìdíwọ́ láti ọjọ́ tí ó bá ti gbà á, òfin sì gbà kí wọ́n ka owó tí ẹnì kejì nínú ilé máa mú wọlé mọ́ ti ẹbí. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fún un ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ kí ó tó dé, ní owó tó kéré jù tí òfin gbà, €13.90 fún wákàtí kan ní 2026, ó lé díẹ̀ ní €1,200 lóṣù kí wọ́n tó yọ owó adójútòfò àti owó orí. Àlàfo €760 dí nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ ni yóò bá a wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì sàn kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn ni owó tí ẹ ti fi sí báǹkì Jámánì nínú àkáǹtì tí wọ́n dè, Sperrkonto, àti ìwé onígbọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní Verpflichtungserklärung. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí kejì. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó bá buwọ́ lù ú yóò máa jẹ́ onígbèsè fún ìjọba fún ọdún márùn-ún lórí owó ìrànwọ́ èyíkéyìí tí ẹni tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún bá gbà. Ó yẹ kí ẹ ṣàlàyé ọdún márùn-ún náà fún un kí ó tó mú bírò.

Nítorí ìṣirò yìí, èrò tèmi ni pé kí ọmọ iṣẹ́ ṣáájú lọ, kí ó lo bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan láti wá ilé, láti mọ ọ̀nà, láti rí iṣẹ́ fún ẹnì kejì, kí ẹbí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí àfikún owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbìyànjú kí gbogbo wọn lọ pọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilé àti adójútòfò

Ìlànà tí àwọn ọ́fíìsì ń tẹ̀ lé ka ilé sí èyí tó tó bí ẹni tó ti lé ní ọdún mẹ́fà bá ní 12 m², tí ọmọ tí kò tó bẹ́ẹ̀ sì ní 10 m², yàtọ̀ sí ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò sí nínú ìṣirò. Ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́ta tí a mẹ́nu bà níṣàájú nílò nǹkan bí 34 m². Yàrá kan nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé ìwòsàn fún ọmọ iṣẹ́ kò lè gbà wọ́n. Ẹ rí i pé ìwé àdéhùn ilé kọ bí ilé ṣe fẹ̀ tó, kí onílé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun mọ̀ pé ẹbí ń bọ̀.

Ti adójútòfò ìlera rọrùn. Ọmọ iṣẹ́ wà nínú adójútòfò ti ìjọba ní dandan, ó sì lè fi ọkọ tàbí aya tí owó rẹ̀ kò pọ̀ àti àwọn ọmọ sábẹ́ tirẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ kún un. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ilé adójútòfò náà pé wọn yóò gba ẹbí, kí ẹ sì ra ti ìrìn-àjò tí yóò gbé wọn dé ọjọ́ tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀. Bí ìyàwó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wákàtí 20, tirẹ̀ ni yóò máa san láti ibi iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kíkó ìwé sílẹ̀

Físà onígbà pípẹ́ tí wọ́n ń pè ní National Visa ni ẹ fẹ́. Ẹ má fi físà ìbẹ̀wò gbé ẹbí wọlé pẹ̀lú èrò pé ẹ ó yí i padà níbẹ̀. Òfin béèrè pé kí ènìyàn wọlé pẹ̀lú físà tó bá ohun tó wá ṣe mu, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ti ní kí ó padà sílé lọ gba èyí tó tọ́. Owó físà jẹ́ €75 fún àgbàlagbà àti €37.50 fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Kò sẹ́ni tó ń ta ọjọ́ ìpàdé ní ọ́fíìsì aṣojú Jámánì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fún un ń jẹun lórí yín.

Lára ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pásípọ́ọ̀tì, fọ́ọ̀mù tí ẹ buwọ́ lù, fọ́tò, ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ti ìbí, ìwé A1, ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tì àti ìwé ìgbélùú ọmọ iṣẹ́, ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìwé owó oṣù rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìwé ilé àti ti adójútòfò. Wọ́n á tẹ̀ka, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ wá ìyàwó tàbí ọkọ lẹ́nu wò. Lẹ́yìn èyí ni fáìlì máa ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn àjèjì, Ausländerbehörde, ní ìlú tí ọmọ iṣẹ́ ń gbé, torí pé wọn kì í sábà fọwọ́ sí físà bí ọ́fíìsì yẹn kò bá gbà. Àwọn ni wọ́n máa yẹ owó àti ilé wò. Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà sí ọmọ iṣẹ́ pé kí ó mú ìwé kan wá, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀. Abala 81a jẹ́ kí ilé iṣẹ́ san €411, kí ó bá Ausländerbehörde ṣe àdéhùn láti mú ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yá. Ètò náà kan ọkọ tàbí aya àti ọmọ pẹ̀lú, bí wọ́n bá béèrè físà tiwọn ní àsìkò kan náà. Ẹni tí gbogbo ẹbí rẹ̀ fẹ́ lọ pọ̀ gbọ́dọ̀ bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè kí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí.

Bí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà dáadáa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, kò sí ètò kíkọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ọ́fíìsì aṣojú mọ́. Ohun tó kù ni kí ẹ pe ẹjọ́ ní kóòtù ìṣàkóso ní Berlin láàárín oṣù kan, tàbí kí ẹ tún àṣìṣe ṣe kí ẹ sì béèrè lákọ̀tun. Bí ó bá jẹ́ owó tàbí ilé ló fà á, ìbéèrè tuntun pẹ̀lú ìwé tó péye sábà máa ń yá ju kóòtù lọ.

Lẹ́yìn tí ẹbí bá dé

Wọ́n gbọ́dọ̀ lọ forúkọ ilé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ìwé tí onílé buwọ́ lù pé wọ́n ti kó wọlé. Kí físà tó parí, wọ́n á lọ sí Ausländerbehörde fún káàdì ìgbélùú, tó jẹ́ nǹkan bí €100 fún àgbàlagbà. Nọ́ńbà owó orí á wá nílé nínú lẹ́tà. Nítorí náà orúkọ wọn gbọ́dọ̀ wà lára àpótí lẹ́tà. Ẹ béèrè Kindergeld kíákíá, kí ẹ sì tètè wá àyè sí ilé ìtọ́jú ọmọ, torí láìsí i, ìyàwó kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ fi gba físà. Ọmọ tó ti tó ilé ìwé gbọ́dọ̀ lọ, dandan ni.

Ìwé ìgbélùú ẹbí kò lè pẹ́ ju ti ọmọ iṣẹ́ lọ. Bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá wó, tàbí tí ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà dúró láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, òfin fún un ní àyè tó tó oṣù mẹ́fà láti wá ibòmíràn kí wọ́n tó gba ìwé rẹ̀. Kí ó sọ fún ọ́fíìsì lójú ẹsẹ̀, nítorí ìwé gbogbo ilé ló so mọ́ tirẹ̀. Bí ó bá yege tí ó sì rí iṣẹ́, ìwé tirẹ̀ á yí sí ti òṣìṣẹ́ onímọ̀ lábẹ́ abala 18a, ti ẹbí á sì tún gùn sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì nínú iṣẹ́ náà, bí ó bá ti pé gbogbo ohun tí òfin béèrè, ó lè béèrè ìwé ìgbélùú tí kò ní ọjọ́ ìparí.